Ọ̀tọ̀ Ni Kí A Lá Àlá, Ọ̀tọ̀ Ni Kí A Rọ́ Ọ: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Àlá Nínú Fíìmù Aláìlóhùn

Alága ìjókòó wa, ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níwájú, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, àti ẹ̀yin tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé àga kò tó, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfaradà ooru. Nígbà tí àwọn tó pè mí sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ lórí àlá nínú àwọn fíìmù aláìlóhùn ayé àtijọ́ ni àwọn ń fẹ́, mo bi wọ́n léèrè bóyá ó dá wọn lójú pé èèyàn yóò wá gbọ́ ọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn ní gbangba báyìí.

Àwọn àgbà ní àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. Gbogbo wa la ti rí ajá tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jà, tó ń gbó wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni pé ó ń lé ẹran nínú igbó. Bó bá jí, yóò na ara, yóò gbọn etí, yóò sì bá tirẹ̀ lọ, kò sì sí ọmọ èèyàn tó lè bi í pé kí ló rí. Òwe yìí bá fíìmù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí mu gan-an, nítorí orúkọ ajá ni fíìmù náà ń jẹ́. Ní ọdún 1929, ní ìlú Paris, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì láti Sípéènì, Luis Buñuel àti Salvador Dalí, gbé e jáde, wọ́n sì pè é ní Un Chien Andalou, èyíinì ni Ajá Ará Andalusia, agbègbè kan ní Sípéènì. Fíìmù náà kò ju bí ìṣẹ́jú 16 lọ. Kò sí ajá kankan nínú rẹ̀, Andalusia náà kò sì sí níbẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo fi fíìmù yìí han àwọn bí 20 èèyàn nínú yàrá kékeré kan. Nígbà tí iná tàn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nawọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" Mo ti ń retí ìbéèrè yẹn. Mo kó gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀: mo ní èèrà dúró fún báyìí, mo ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó jẹrà dúró fún báyìí, mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu mi fi gbẹ. Ìyá kan tó tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ wá, tí kò tíì sọ ohunkóhun láti ìbẹ̀rẹ̀, wá dá mi dúró. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo sọ gbogbo ìyẹn, àwòrán yẹn kò sọ ọ́. Èmi ti lá irú àlá yẹn rí." Mo bi wọ́n pé kí ló bà wọ́n lẹ́rù jù lọ níbẹ̀, ṣé ibi tí wọ́n ti fi abẹ la ẹyinjú obìnrin náà ni. Wọ́n ní rárá o. Wọ́n ní ohun tó ba àwọn lẹ́rù ni pé ọkùnrin tó ń pọ́n abẹ náà ń fa sìgá rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ fá irùngbọ̀n kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ ìyá yìí, òun sì ni mo gbé wá síwájú yín lónìí. Kí ló ń sọ àwòrán di àlá lójú aṣọ funfun tí a ń fi fíìmù hàn sí? Ṣé ohun abàmì tó wà nínú rẹ̀ ni, ìwo lórí èèyàn, òkú tó ń rìn, ilé tó dorí kodò? Bó bá jẹ́ pé ìyẹn ni, gbogbo fíìmù iwin ni ì bá jẹ́ àlá. Ohun tí mo rí ni pé àlá kì í mọ̀ pé àlá ni òun. Bí a bá rí olóògbé lójú oorun tó jókòó tì wá tó ń jẹun, a kì í ké; a óò ní kó bá wa na ọwọ́ mú iyọ̀. Ìgbà tí a bá jí ni ẹ̀rù tó máa ń bà wá. Ní èdè wa, a mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa, torí a ní a lá àlá, a sì ní a rọ́ àlá. Ẹni tó ń lá a wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń rọ́ ọ ti jí, ó ti bọ́jú, ó ti mọ̀ pé ohun tí òun fẹ́ sọ ṣàjèjì. Mo fẹ́ fi hàn yín pé fíìmù lo bí ọdún 30 tó fi ń rọ́ àlá kó tó kọ́ bí a ṣe ń lá a.

Onídán tó wá ẹ̀rọ àwòrán

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orísun odò. Ní ọjọ́ 28 Oṣù Kejìlá ọdún 1895, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n ń jẹ́ Lumière gba yàrá ìsàlẹ̀ ní ilé kọfí kan tó ń jẹ́ Grand Café ní Paris, wọ́n sì fi àwòrán tó ń rìn han àwọn tó sanwó wọlé. Kò sí àlá nínú ohun tí wọ́n fi hàn. Òṣìṣẹ́ ń jáde láti ilé iṣẹ́, bàbá àti ìyá ń fún ọmọ ọwọ́ ní oúnjẹ, ayé gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i lójúmọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni Georges Méliès, onídán tó ní ilé eré tirẹ̀. Ó fẹ́ ra ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀. Wọn kò tà á fún un. Ó wá tirẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀ nígbà tó dàgbà, ó ń ya àwòrán ní gbàgede Opéra ní Paris lọ́jọ́ kan ni ẹ̀rọ rẹ̀ bá há. Ọkọ̀ èrò ló ń kọjá lọ nígbà tó há. Kó tó tú u, kó tó tún un ṣe, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, ọkọ̀ òkú ti dé ibi tí ọkọ̀ èrò wà. Nígbà tó wá wo ohun tó yà, ó rí i tí ọkọ̀ èrò di ọkọ̀ òkú ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí àwọn ọkùnrin sì di obìnrin. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí gan-an, bóyá ó bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, èmi kò lè búra. Onídán ṣáà ni.

Ẹ fi ìtàn yìí sọ́kàn, nítorí gbogbo ohun tí mo ní í sọ wà nínú rẹ̀. Ibì kan náà ni, òpópónà kan náà, oòrùn kan náà, síbẹ̀ ohun kan ti di òmíràn, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú àwòrán náà tó yí ọrùn wò ó. Bí àlá ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. A wà nílé ìyá wa, a ṣí ilẹ̀kùn, a bá ara wa ní ilé ẹ̀kọ́, a kò sì bi ara wa pé ọkọ̀ wo la wọ̀ débẹ̀. Méliès ti rí kọ́kọ́rọ́ náà. Ṣùgbọ́n kí ló fi ṣe? Ó fi pidán. Ní 1898 ó mú kí òṣùpá wá sí ojú fèrèsé awòràwọ̀ kan kó sì gbé awò rẹ̀ mì. Ní 1902 ó yin èèyàn bí ọta ìbọn lọ sínú òṣùpá, tí ọta náà sì wọ òṣùpá lójú. Ó dára púpọ̀, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín bí mo bá ń wò ó, àmọ́ gbogbo ìgbà la mọ̀ pé ẹnì kan dúró níwájú wa tó ń ju aṣọ, tó ń tú èéfín jáde, tó ń retí kí a pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń lá àlá kì í retí àtẹ́wọ́.

Ọ̀nà ọ̀fun Méliès há lẹ́yìn náà. Ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí àwọn ọmọ tuntun ń ya àlá tiwọn ní Paris kan náà, bàbá yìí jókòó sí ìsọ̀ kékeré kan ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Montparnasse, ó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé. Oṣù Kejìlá ọdún 1929 ni wọ́n tó ṣe ayẹyẹ fún un, ọdún kan náà tí fíìmù ajá wa jáde.

Àwọn atúmọ̀ àlá

Apá kejì ọ̀rọ̀ mi: àwọn tí kò fẹ́ kí inú ajá gbé àlá ajá mọ́.

Ẹ mọ orúkọ Sigmund Freud, oníṣègùn ará Vienna. Ìwé rẹ̀ lórí ìtumọ̀ àlá ti jáde ní òpin 1899, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1900 ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé àlá ní ìdí, pé ìfẹ́ ọkàn tí a tì mọ́lẹ̀ ló ń gba aṣọ mìíràn wọ̀ kó lè jáde lóru. Kò pẹ́ tí àwọn onífíìmù fi gbọ́ òórùn owó níbẹ̀. Ní ọdún 1925, Samuel Goldwyn láti Hollywood fẹ́ fún Freud ní 100,000 dọ́là kó wá bá òun ṣe fíìmù ìfẹ́. Freud kò tilẹ̀ gbà láti rí i. Ní ọdún yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ fíìmù Ufa ní Jámánì gba ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Karl Abraham, wá. Freud tún kọ̀, ó ní òun kò rí bí a ṣe lè fi àwòrán ṣe ohun tí òun ń sọ. Abraham àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Hanns Sachs ṣe é láìsí i. Abraham kú ní Oṣù Kejìlá 1925, fíìmù náà sì jáde ní 1926. Orúkọ rẹ̀ ni Àṣírí Ọkàn Kan, G. W. Pabst ló darí rẹ̀.

Ìtàn rẹ̀ dá lórí onímọ̀ kẹ́míkà kan tí ẹ̀rù ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bà lẹ́yìn tí wọ́n pa èèyàn ní àdúgbò rẹ̀. Kò lè mú ọ̀bẹ jẹun mọ́. Ó lá àlá: ilé gogoro kan yọ láti inú ilẹ̀, ó ń yí bó ti ń ga, agogo orí rẹ̀ sì di orí àwọn obìnrin tó ń fi í rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́wọ́ fún yín pé nígbà tí mo kọ́kọ́ rí agogo wọ̀nyẹn, irun ara mi dìde. Lẹ́yìn náà ni dókítà wọlé. Ó mú aláìsàn jókòó, ó mú àwòrán àlá náà wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tú ẹrù níbodè, ó ń sọ pé èyí wá láti ìgbà ọmọdé rẹ, èyí wá láti inú owú rẹ. Bó ti ń ṣàlàyé ni agogo ń kú. Nígbà tí fíìmù yóò fi parí, ara ọkùnrin náà yá, ó ti bímọ, ó sì ń sáré tọ ìyàwó rẹ̀ lọ lórí òkè. Inú mi dùn fún un. Àmọ́ níbo ni àlá náà wà? Kò sí mọ́.

Kí a má fi èyí rẹ́rìn-ín jù, nítorí ilé tiwa náà kún fún atúmọ̀ àlá. Mélòó nínú yín ló jẹun lójú oorun tí kò wá ẹni tí yóò gbàdúrà sí i kí ilẹ̀ tó mọ́ tán?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò bi mí nípa fíìmù Dókítà Caligari, tí àwọn ará Jámánì ṣe ní 1920, tí wọ́n fi ọ̀dà kun òjìji sára ògiri, tí gbogbo fèrèsé sì wọ́. Ìyẹn náà ń rọ́ àlá. Wọ́n fi ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin dì í bí ẹni di ẹ̀kọ: ẹni tó sọ ìtàn náà, wèrè ni, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù.

Akéwì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́

Ẹ bá mi ká padà sí Paris. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọ̀dọ́ akéwì kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ohun tí àwọn àgbà wọn ń pè ní làákàyè ti sú, nítorí wọ́n ní làákàyè yìí kan náà ló kó ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ọkùnrin lọ kú sínú ẹrẹ̀. Aṣíwájú wọn ni André Breton. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, wọ́n sì fi í sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ọpọlọ wọn dàrú ní Saint-Dizier, níbi tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn tí kò jọ ohun tí akéwì kankan kọ rí. Ní 1924, ó gbé ìwé ìpolongo jáde fún ohun tí wọ́n ń pè ní surrealism, ọ̀rọ̀ tí akéwì Apollinaire ti lò ṣáájú ní 1917. Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ lédè wa, n óò ní ibi tí oorun àti ojú lílà ti pàdé ni, tí a kò mọ èwo ni èwo mọ́. Breton sọ níbẹ̀ nípa akéwì kan, Saint-Pol-Roux, tó máa ń kọ́ pátákó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bó bá fẹ́ sùn. Ohun tó kọ sára rẹ̀ ni pé akéwì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ má dán èyí wò níbi iṣẹ́ yín o.

Nígbà ogun, Breton àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jacques Vaché máa ń lọ sí àwọn ilé sinimá ní ìlú Nantes. Wọn kì í bèèrè ohun tí wọ́n ń fi hàn. Wọ́n á wọlé nígbà tí eré bá ti dé àárín, wọ́n á wo díẹ̀, bó bá ti ń sú wọn, wọ́n á jáde, wọ́n á wọ òmíràn. Báyìí ni orí fíìmù kan ṣe ń bá ìdí fíìmù mìíràn pàdé nínú ọkàn wọn. Ohun tí àwọn mìíràn wá fi àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé fíìmù ṣe nígbà tó yá, ẹsẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí fi ṣe é.

Àwọn kan gbìyànjú ní àsìkò náà. Man Ray, ará Amẹ́ríkà, wọ́n iyọ̀ àti ata sára fíìmù lásán ní 1923, ó da abẹ́rẹ́ lé e, ó tan iná sí i, ó sì fi í hàn bẹ́ẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá 1924, René Clair ṣe Entr'acte, èyí tí wọ́n fi hàn ní àárín ijó kan ní ilé eré ńlá. Ràkúnmí ló ń fa ọkọ̀ òkú nínú rẹ̀, àwọn ọlọ́fọ̀ sì ń fò tẹ̀lé e bí ẹni ń rìn nínú omi, títí okùn fi já tí pósí sì sá lọ. Ẹ̀fẹ̀ ni, ẹ̀fẹ̀ tó dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ti jí.

Obìnrin tó kọ́kọ́ débẹ̀

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé kò sí obìnrin nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 Oṣù Kejì ọdún 1928, ní ilé sinimá kékeré tó ń jẹ́ Studio des Ursulines, wọ́n fi fíìmù kan hàn tó ń jẹ́ Ìkarahun àti Àlùfáà. Germaine Dulac ló darí rẹ̀, akéwì Antonin Artaud ló sì kọ ìtàn rẹ̀. Bí a bá ka oṣù, fíìmù yìí ṣáájú ti Buñuel ní oṣù 16.

Kí ló wà nínú rẹ̀? Àlùfáà kan jókòó, ó ń fi ìkarahun ńlá bu omi sínú ìgò, bí ìgò kọ̀ọ̀kan bá ti kún, á jù ú sílẹ̀, á sì fọ́. Ọ̀gágun kan wọlé, ó fi idà fọ́ ìkarahun náà. Àlùfáà náà fi ọwọ́ àti orúnkún rá pálá tẹ̀lé e ní ìgboro Paris. Ó ń lépa obìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Nígbà kan, ojú ọ̀gágun náà là sí méjì. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé, kò sí dókítà, kò sí ẹni tó jí. Lóòótọ́, òun ni àkọ́kọ́ tí kò gbé ìtumọ̀ lé wa lọ́wọ́.

Síbẹ̀, ariwo ta lálẹ́ ọjọ́ náà. Artaud àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú Dulac nínú òkùnkùn, wọ́n sì lé wọn jáde. Kí ló dé tí ẹni tó kọ ìtàn fi ń bú ẹni tó fi ṣe fíìmù? Artaud ní òun kò kọ àlá, pé bí inú ọkàn fúnra rẹ̀ ṣe ń rìn ni òun kọ, àti pé Dulac ti sọ ọ́ di àlá lásán. Ẹ̀bi wà nínú bí wọ́n ṣe hùwà, n kò ní bò ó. Ọkùnrin púpọ̀ ló dojú ìjà kọ obìnrin kan lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nínú ariwo náà. Dulac mọ kámẹ́rà ju gbogbo wọn lọ, ó sì lo gbogbo ohun tó mọ̀: àwòrán gun àwòrán lórí, ojú ń wọ́, ìrìn ń falẹ̀. Bí nǹkan bá fẹ́ di àlá, kámẹ́rà á kọ́kọ́ ta wá lólobó. Ó dà bí ẹni tó ń rọ́ àlá tó ń la ojú tó sì ń mi ọwọ́ kí a lè mọ̀ pé ohun ìyanu ń bọ̀.

Nígbà tí fíìmù náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń yẹ fíìmù wò fòfin dè é. Wọ́n ní ó ṣókùnkùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìtumọ̀, àti pé bó bá tilẹ̀ ní ìtumọ̀, kò sí àní-àní pé ìtumọ̀ búburú ni. Èmi kò tíì rí ìdájọ́ tó dùn mọ́ mi tó èyí. Wọn kò lóye rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n dá a lẹ́bi.

Abẹ àti òṣùpá

A ti dé ọ̀dọ̀ ajá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1929, Buñuel lọ kí Dalí nílé rẹ̀ ní Figueres, ní Sípéènì. Buñuel sọ fún un pé òun lá àlá pé ìkùukùu tín-ín-rín kan la òṣùpá já bí abẹ ṣe ń la ẹyinjú. Dalí ní òun náà lá àlá pé èèrà ń tú jáde láti àtẹ́lẹwọ́ òun. Ọ̀rọ̀ wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n jókòó, kò sì tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀ tán. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fún ara wọn: àwòrán tàbí èrò tí làákàyè bá lè ṣàlàyé, kí wọ́n jù ú nù. Bí ọ̀kan bá mú nǹkan wá tí èkejì sì lè sọ ìdí rẹ̀, ó ti bọ́ nìyẹn. Owó ìyá Buñuel ni wọ́n fi ṣe fíìmù náà, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ pé òun ná ìdajì rẹ̀ ní ilé ijó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún yín. Àkọlé kan yọ: Ní ọjọ́ kan. Bí àlọ́ gan-an. Ọkùnrin kan, Buñuel fúnra rẹ̀, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń pọ́n abẹ, sìgá wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fi èékánná dán abẹ náà wò. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ó wo òṣùpá. Obìnrin kan jókòó, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbòò, kò gbọn, kò sá. Ìkùukùu kọjá lójú òṣùpá. Abẹ kọjá lójú. Ojú ọmọ màlúù tó ti kú ni, wọ́n fá irun rẹ̀, wọ́n sì tan iná líle sí i, ṣùgbọ́n kí ẹ tó rántí ìyẹn, ó ti parí. Àkọlé mìíràn yọ: Ọdún 8 lẹ́yìn náà. Obìnrin náà tún nìyẹn. Ojú rẹ̀ méjèèjì pé. Kò sí àpá.

Níbo ni ọgbọ́n kámẹ́rà wà nínú ohun tí mo sọ yìí? Kò sí. Iná mọ́, ògiri tọ́, kámẹ́rà dúró jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ya ìgbéyàwó. Kì í ṣe pé Buñuel kò mọ ọgbọ́n náà. Ó ti ṣe igbákejì fún Jean Epstein, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ní ilẹ̀ Faransé. Níbòmíràn nínú fíìmù náà ó fa ìrìn gùn, ó sì tún jẹ́ kí àwòrán yọ́ wọnú òmíràn, níbi tí èèrà inú àtẹ́lẹwọ́ ti di irun abíyá. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni kò ti fi ọwọ́ kan nǹkan kan. Ó mọ ohun tí ìyá yẹn mọ̀, pé sìgá ló ń dẹ́rù bani.

Ẹ wò ó síwájú sí i. Ọkùnrin kan fẹ́ lọ bá obìnrin náà nínú yàrá, ó fi okùn fa ẹrù, ẹrù náà wúwo. Kí ni ó ń fà? Dùùrù ńlá méjì, òkú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó jẹrà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti àlùfáà méjì tí wọ́n dùbúlẹ̀ tí wọ́n ń fà tẹ̀lé e. Dalí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà náà. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì tún bà mí lẹ́rù, ni pé iṣẹ́ ń ṣe ọkùnrin yìí gan-an, ó ń làágùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí aláàárù. Kò wẹ̀yìn wò kó ní "Kí ni èyí?" Ẹrù ni. A sì gbọ́dọ̀ fa ẹrù. Ta ni nínú wa tí kò tíì lá àlá pé òun ń sáré tí ẹsẹ̀ òun kò sì kúrò níbì kan?

Ní ìparí, obìnrin náà bínú, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni o, ó sì bọ́ sí etí òkun. Atẹ́gùn fẹ́ ọ̀já ọrùn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó juwọ́ sí ọkùnrin kan tó ń dúró dè é. Ẹ rántí ọkọ̀ èrò Méliès tó di ọkọ̀ òkú. Gígé kan náà ni. Àlùmọ́gàjí gé, wọ́n lẹ̀ ẹ́, ibì kan di ibòmíràn. Lọ́wọ́ Méliès, a pàtẹ́wọ́ nítorí pé ohun kan yí padà. Lọ́wọ́ Buñuel, kò sí ohun tó yí padà lójú obìnrin náà. Etí òkun ti máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn.

Àwọn àkọlé àkókò ńkọ́? Ọdún 8 lẹ́yìn náà. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru. Ọdún 16 ṣáájú. Nínú fíìmù mìíràn, irú ọ̀rọ̀ báyìí ló ń mú wa lọ́wọ́ kí a má bàa ṣìnà. Níbí, wọ́n ń mú wa lọ́wọ́ lọ sínú igbó. Ọdún 16 ṣáájú, aṣọ kan náà ló wà lọ́rùn ọkùnrin náà, yàrá kan náà ni. Àwọn òṣèré pàápàá kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Buñuel sọ pé òun kàn ní kí Pierre Batcheff wo ìta láti ojú fèrèsé bí ẹni tó ń gbọ́ orin Wagner, olórin ará Jámánì, ìyẹn sì tó.

Alẹ́ ọjọ́ 6 Oṣù Kẹfà 1929 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn, ní Studio des Ursulines kan náà tí wọ́n ti bú Dulac. Picasso ayàwòrán wà níbẹ̀, Cocteau akéwì wà níbẹ̀. Buñuel dúró sí ẹ̀yìn aṣọ funfun, ó ń fi ẹ̀rọ gramophone lu orin: tango ará Argentina, lẹ́yìn náà Wagner, lẹ́yìn náà tango. Òkúta kún àpò rẹ̀. Ó ti rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Dulac, ó sì pinnu pé bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó, òun yóò sọ wọ́n lókò. Fíìmù parí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an. Ó rọra da òkúta rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn aṣọ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i. Mélòó nínú àwọn tó pàtẹ́wọ́ ló ti wọnú àlá náà, mélòó ló kàn ń wo aṣọ ara wọn? Inú Buñuel kò dùn sí àtẹ́wọ́ náà. Kí ọdún náà tó parí, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn surrealist pé ọ̀pọ̀ òmùgọ̀ ló ń pe ohun tí òun fi pe èèyàn sí ìpànìyàn ní ohun ẹlẹ́wà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ṣe òmíràn, èyí tó ti ní ohùn, ìyẹn sì fún un ní ariwo tó ń wá: wọ́n da yíǹkì sójú aṣọ funfun, wọ́n fọ́ àga, ìjọba sì gbẹ́sẹ̀ lé fíìmù náà. Ṣùgbọ́n ìgbà aláìlóhùn ti ń lọ nígbà yẹn, ìtàn ọjọ́ mìíràn sì nìyẹn.

Alága, mo rí i pé ẹ ti ń wo aago. Wọ́n ti gbé aṣọ funfun kọ́ lẹ́yìn mi, àwa náà yóò wò ó báyìí. Orin tango àti Wagner tí ẹ máa gbọ́, 1960 ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, bí Buñuel ṣe fẹ́ ẹ. Bí ó bá parí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ sọ fún mi ibi tí ẹ ti rí i rí. Ẹ kọ́kọ́ wo sìgá náà dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹ bá rí ìkùukùu tín-ín-rín tó ń súnmọ́ òṣùpá, kí ẹni tí àyà rẹ̀ kò bá le dijú, kó kà dé márùn-ún.

Ẹ bá wa pa iná.